Ọ̀gá Pátápátá àti Ìrù Ọ̀rọ̀

Ọ̀gá Pátápátá kì í rìn wọ ọ́fíìsì. Ó máa ń dé ni. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ṣiṣẹ́ lábẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí lè rò pé nǹkan kan náà ni méjèèjì. Ẹni tó ń rìn wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń wọlé. Ẹni tó ń dé, ikùn rẹ̀ á kọ́kọ́ wọlé, báàgì rẹ̀ á tẹ̀ lé e lọ́wọ́ ẹlòmíì, òun fúnra rẹ̀ á wá gbẹ̀yìn, gbogbo èèyàn á sì ti dìde dúró kó tó kan ilẹ̀kùn.

Ọ́fíìsì omi ni ọ́fíìsì yìí. Yàrá mẹ́rin ni, àti ilé ẹ̀rọ kan lẹ́yìn ọgbà. Iṣẹ́ wọn kò ju pé kí omi dé ilé àwọn ará ìlú, kí wọ́n sì sọ fún wọn nígbà tí kò bá ní í dé. Ṣùgbọ́n ohun tí Ọ̀gá Pátápátá ní kí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà òun ni: Alákòóso Àgbà fún Omi, Ọ̀nà Omi àti Ohun Gbogbo Tó Jọ Omi. Pátákó náà fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Ara ògiri ni wọ́n kan ìyókù rẹ̀ mọ́.

Igbákejì rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà. Bí Ọ̀gá bá sín, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ló máa ń nu imú.

Òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì wà nínú gúrúùpù kan lórí fóònù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kí ara wọn, tí wọ́n ti ń bú ara wọn, tí wọ́n sì ti ń sọ páìpù tó bẹ́. Àwọn tí wọ́n bí ní òkè kì í parí ọ̀rọ̀ láì fi "kẹ̀" sí i. Àwọn ará etí odò, "o" ni tiwọn. Àwọn tó wá láti ẹ̀bá ọ̀nà ńlá, "jàre" ni. Tí ọ̀rọ̀ bá wọlé, èèyàn kì í wo orúkọ kó tó mọ ilé ẹni tó kọ ọ́.

Òkè ni wọ́n bí Ọ̀gá Pátápátá náà sí, ní ilé kẹta sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ó ti gbé olú-ìlú fún ọdún mẹ́ta, láti ìgbà náà ló sì ti ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Ọ̀rọ̀ ife tíì ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé kan, Ọ̀gá kọ ìlà méjìlélógún sínú gúrúùpù lórí ife tí ẹnì kan gbàgbé sójú fèrèsé. Ó mẹ́nu kan ìlọsíwájú ayé. Ó mẹ́nu kan àwọn tó ti kú fún òmìnira. Ó ní ife ojú fèrèsé ni ìbẹ̀rẹ̀ ìparun. Lẹ́yìn wákàtí kan, Bàbá Ẹ̀rọ, tó ń ṣọ́ ilé ẹ̀rọ, fèsì pé:

"A ti gbọ́ o."

Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà!"

"Sà!"

"Mo kọ ìlà méjìlélógún. Kí ni nǹkan róbótó tí ọkùnrin yìí fi ń dá mi lóhùn?"

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà gba fóònù, ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. "Àfojúdi gbáà ni, sà. Ẹ wò ó dáadáa. Ó rí bí ẹnu ẹni tó ń yán."

"Ó ń yán sí mi?"

"Ojúkojú, sà."

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù tí Mínísítà máa wá ṣí ẹ̀rọ omi tuntun níbẹ̀, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ kiri pé Mínísítà ń wá ẹnì kan tó máa gbé lọ sí olú-ìlú. Ọ̀gá Pátápátá ti ń wo àga tó máa jókòó lé níbẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Kí Mínísítà wá ṣí fóònù ọ́fíìsì, kí ó bá "kẹ̀" níbẹ̀?

Ó pe ìpàdé.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ó ní, ó sì dúró kí ohùn rẹ̀ lè kan ògiri padà wá bá a. "Kí ni ẹranko fi yàtọ̀ sí èèyàn? Ìrù ni! Kí ni 'kẹ̀'? Ìrù ni. Kí ni 'jàre'? Ìrù ni. Kí ni 'o'? Ìrù kékeré ni, tó tún ká kò bíi ti ẹlẹ́dẹ̀! Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ so ìrù mọ́ ọ̀rọ̀ lórí fóònù ọ́fíìsì yìí. Ọ̀rọ̀ wa á máa rìn gánrangánran bíi ti olú-ìlú!"

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà pàtẹ́wọ́ títí aago ọwọ́ rẹ̀ fi já bọ́.

Bàbá Ẹ̀rọ na ọwọ́ sókè. "Ọ̀gá, tí èèyàn bá fẹ́ kìlọ̀ ńkọ́?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín ẹni tó ti ronú kan nǹkan tí ẹlòmíì kò lè ronú kàn. Ó fa ìwé kan yọ. Fọ́ọ̀mù Ìtọrọ Ìrù Kan ni. Ẹni tó bá nílò "o" máa kọ ìdí rẹ̀ sí i, ẹni náà máa bu ọwọ́ lù ú, Igbákejì máa bu ọwọ́ lù ú, Ọ̀gá náà á sì bu ọwọ́ lù ú tó bá ráyè.

"Tí iná bá ń jó ńkọ́?" Àǹtí Akọ̀wé ló béèrè. Òun ló ń kọ ìkéde sí àwọn ará ìlú.

"Ẹ̀dà méjì ni wàá kọ nígbà yẹn," ni Ọ̀gá wí.

Ó fi Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà jẹ Agérù Àgbà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa jókòó ti gúrúùpù, kó máa pa ọ̀rọ̀ tó bá ní ìrù rẹ́ kí Ọ̀gá tó rí i.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, òṣìṣẹ́ kan kọ ọ́ pé, "Ìyàwó mi ti bímọ o!" Agérù Àgbà pa á rẹ́, ó sì tún un kọ báyìí pé, "A fi àsìkò yìí kéde pé ìyàwó òṣìṣẹ́ kan ti bímọ." Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń wo ojú ara wọn nínú ọ́fíìsì, tí wọ́n ń wá bàbá ọmọ.

Àwọn ìkéde tó ń lọ sí ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gánrangánran. Àǹtí Akọ̀wé ló kọ́kọ́ rí ohun tó ń bọ̀. Ó wọlé tọ Ọ̀gá lọ.

"Ọ̀gá, àwọn ará ìlú kò gbà wá gbọ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dá ọ̀rọ̀ wa padà sí bó ṣe wà."

"Wọn kò gbà wá gbọ́? Ta ló sọ ọ́?"

"Ìyá tèmi náà pa ìkéde àná rẹ́, sà. Àwọn oníjìbìtì ló máa ń kọ̀wé báyẹn sí wọn. 'A fi àsìkò yìí sọ fún yín, ẹ tẹ ibí, ẹ fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín ránṣẹ́.' Láti ayé Ìyá Ìkéde ni wọ́n ti mọ̀ pé tí ọ̀rọ̀ bá ti ní 'o' àti 'ẹ jàre' nínú, ọ̀dọ̀ wa ló ti wá."

Ìyàwó Bàbá Ẹ̀rọ ni Ìyá Ìkéde. Ọdún méjìlá ló fi kọ ìkéde ní ọ́fíìsì yìí kó tó kú lọ́dún tó kọjá. Gbogbo ìlú ló mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, àwọn tí kò rí i sójú rí náà mọ̀ ọ́n.

"Ẹni tó ti kú kò sí nínú ìwé òṣìṣẹ́ mi," ni Ọ̀gá Pátápátá wí, ó sì ní kí wọ́n bá òun ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àyẹ̀wò fóònù. Òfin tuntun ni pé ìrù àtijọ́ náà gbọ́dọ̀ kúrò, títí dé èyí tó ti pẹ́ jù. Ọ̀gá àti Agérù Àgbà wá sí ilé ẹ̀rọ. Fóònù kékeré kan wà níbẹ̀, tí nọ́ńbà ara bọ́tìnnì rẹ̀ ti pa rẹ́. Fóònù yìí àti ti Àǹtí Akọ̀wé nìkan ló lè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìkéde ló kún inú rẹ̀. Kó tó fi ìkéde èyíkéyìí ránṣẹ́ sí ìlú, ọkọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fi í hàn, ó sì máa ń fi tilé bọ àárín rẹ̀.

"Omi ò ní í sí lọ́la o. Ṣé mo kọ ọ́ dáadáa?"

"Oúnjẹ wà nínú àwo o. Má jẹ́ kó tutù."

"Òjò ti ṣú. Aṣọ wà níta o."

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ń kà á lọ, òógùn bò ó. "Ìrù irínwó ó lé méjìlá, sà! Ihò ẹranko lèyí!"

"Pa wọ́n rẹ́," ni Ọ̀gá sọ fún Bàbá Ẹ̀rọ. Bàbá Ẹ̀rọ fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ. Ẹ máa kíyè sí i pé "ìwọ" ló ń pè é.

"Ọ̀gá, ìyàwó mi ló kọ wọ́n. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi nìyí."

"Ṣé ìwọ kò ní fọ́tò rẹ̀ ni?"

"Mo ní. Kì í sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá Pátápátá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ́ ṣàánú. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí ara rẹ̀ gan-an tó bá fẹ́ ṣàánú. Ó ní kò burú, kí Bàbá tọ́jú ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n ṣáà gé ìrù rẹ̀ kúrò. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà kọ ọ̀kan sórí bébà, ó gé e, ó sì kà á jáde: "Oúnjẹ wà nínú àwo."

"Ta nìyẹn?" ni Bàbá Ẹ̀rọ bi í.

"Ìyàwó yín náà ni."

"Rárá. Mi ò mọ obìnrin yẹn."

Ọ̀gá bínú. Ó ní ọjọ́ tí Mínísítà bá wá, tó bá ti jáde tán lẹ́nu ọ̀nà, òun máa gba fóònù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ìrù kan bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀, kí Bàbá Ẹ̀rọ kó kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ sílẹ̀, kó máa lọ sílé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Ẹ̀rọ ti ń ṣí ilẹ̀kùn náà. Ó ti fóònù sápò àyà rẹ̀, ó sì de bọ́tìnnì rẹ̀.

Ọjọ́ náà pé. Ọ̀gá ti ní kí wọ́n da kẹ́míkà sínú páìpù láti àárọ̀ kí inú rẹ̀ lè mọ́ fún Mínísítà. Bàbá Ẹ̀rọ ní kò burú, ṣùgbọ́n omi náà kò ní í ṣe é mu títí aago méjì ọ̀sán. Aago mẹ́rin ni Mínísítà ń bọ̀, àyè wà. Àǹtí Akọ̀wé kọ ìkéde sí ìlú. Ó tọrọ ìrù kan. Ọ̀gá kò ráyè bu ọwọ́ lù ú. Àǹtí Akọ̀wé wá fi ránṣẹ́ báyìí pé: "A fi àsìkò yìí sọ fún gbogbo olùmúlò omi pé kí wọ́n jáwọ́ nínú lílo omi títí di aago méjì ọ̀sán."

Nínú ilé kan tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì gan-an, ìyàwó ilé kan kà á sí etí ọkọ rẹ̀.

"Àwọn olè ti tún dé," ni ọkọ wí.

"Wọ́n fẹ́ ká tẹ nǹkan kan kẹ̀."

"Pa á rẹ́ jàre. Gbé korobá wá."

Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti sọ báyẹn. Omi ẹ̀rọ ń dà ṣàà káàkiri ìlú.

Mínísítà dé ní aago mọ́kànlá. Àwọn mínísítà kì í pẹ́, àfi tí èèyàn bá ń dúró dè wọ́n. Ta ló máa sọ fún un pé kó dúró? Ọ̀gá Pátápátá kọ́ ni. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíá, kí wọ́n pe àwọn èèyàn sábẹ́ àtíbàbà, kí wọ́n gbé ife wá.

Láti ilé ẹ̀rọ, Bàbá Ẹ̀rọ rí mọ́tò Mínísítà. Ó kọ ọ́ sínú gúrúùpù: "Kẹ́míkà ṣì wà nínú omi o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu ún o."

Agérù Àgbà wà lẹ́yìn àga Ọ̀gá. Ó rí ìrù méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àtàǹpàkò rẹ̀ sáré ju ojú rẹ̀ lọ. Ohun tó kù nínú gúrúùpù ni: "A ti pa ọ̀rọ̀ yìí rẹ́ nítorí ìrù."

Bàbá Ẹ̀rọ wo mítà. Ọwọ́ mítà ń lọ sílẹ̀, ìyẹn ni pé ìlú ń bu omi. Ó pa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n èyí tó ti wà nínú páìpù ti wà nínú páìpù. Ó yọ fóònù kékeré náà lápò, ó fi kọ̀wé sí gbogbo ìlú bí òfin ṣe wí: "Kí ẹnikẹ́ni má mu omi." Ọwọ́ mítà kò tilẹ̀ dúró mí. Ó tún un kọ. Ó ń lọ sílẹ̀ síbẹ̀.

Ó padà sínú fóònù náà, ó wá ohun tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n fọ páìpù kẹ́yìn, Ìyá Ìkéde ti kọ èyí, ó sì ti kọ́kọ́ fi í hàn án:

"Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má bu omi yìí mu o. A ń fọ páìpù. Ẹ fi tàná ṣe é ná, ẹ jàre. Tó bá ti mọ́, èmi náà ni màá pè yín o."

Kò fi nǹkan kan kún un, kò yọ nǹkan kan kúrò. Ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú.

Lábẹ́ àtíbàbà, Ọ̀gá Pátápátá ti dé ojú ewé kẹta nínú ogójì. Ní ojú ewé kejì, ó ti sọ pé òun fúnra òun ló fi ojú òun tọ́ ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan dàgbà. Ó ṣí ẹ̀rọ tuntun, ó bu omi sínú ife, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Mínísítà.

"Ọlọ́lá jùlọ, ẹ gba omi tí kò ní àbàwọ́n, láti ọwọ́ àwọn èèyàn tí ọ̀rọ̀ wọn kò ní ìrù!"

Fóònù dún. Kì í ṣe ọ̀kan. Gbogbo àpò tó wà lábẹ́ àtíbàbà ló dún papọ̀. Ìyá kan ní iwájú wo tirẹ̀, ó sì fò dìde.

"Ìyá Ìkéde ni!"

"Ìyá Ìkéde kẹ̀? Ṣebí wọ́n ti sin ín?"

"Wò ó fúnra ẹ jàre! 'Ẹ má bu omi yìí mu o.' Ta ló tún ń sọ̀rọ̀ báyìí? Ẹ sáré lọ ti ẹ̀rọ ilé o!"

Àga ń wó, èèyàn ń pe ilé. Ife ti dé ètè Mínísítà. Ó dúró.

"Alákòóso, kí ni wọ́n ń sọ?"

"Ẹ má dá wọn lóhùn, Ọlọ́lá. Ọ̀rọ̀ náà ní ìrù."

"Ó ní kí ni?"

"Ìrù, Ọlọ́lá. Mo ti fòfin dè é."

Mínísítà wo ife, ó wo Ọ̀gá Pátápátá. "Ó dáa. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ mu ún."

Ọ̀gá lè sọ pé òun kò mọ̀. Ó lè ní kí wọ́n lọ bi Bàbá Ẹ̀rọ. Ẹlòmíì á ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ewé kejì, níbi tó ti ní òun tọ́ ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan dàgbà, ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba ife, ó gbé orí sókè, ó bù ú sẹ́nu.

Ìfófòó jáde ní ẹnu rẹ̀, ó jáde ní imú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta olú-ìlú bá a jáde.

"Yéè! Ẹ gbà mí kẹ̀! Ó ń ta mí lẹ́nu kẹ̀!"

Bàbá arúgbó kan láti òkè, tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, pàtẹ́wọ́. "Háà! Ọmọ wa ni kẹ̀!"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà kò ṣe é kọ sílẹ̀.

Mínísítà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé ẹ̀rọ. Ọwọ́ mítà ti dúró jẹ́ẹ́. Ìlú ti ti ẹ̀rọ. Ilé ìwé ti fa omi kún tẹ́ǹkì, ṣùgbọ́n olùkọ́ kan ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀, kò sí ọmọ tó bu ife kan. Mínísítà béèrè ìdí tí wọn kò fi tètè sọ. Bàbá Ẹ̀rọ fi gúrúùpù hàn án. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì: A ti pa ọ̀rọ̀ yìí rẹ́ nítorí ìrù.

"Ta ló ṣe èyí?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Igbákejì ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́, sà. Òun ni, sà," ó sì nàka sí ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí Mínísítà máa fi wọ mọ́tò, òun ló ń bá a gbé báàgì.

Wọ́n gbé Ọ̀gá Pátápátá. Kì í ṣe olú-ìlú ni wọ́n gbé e lọ. Ilé ìkó-páìpù-àtijọ́-sí ni, ní ìparí ọgbà, kó máa ka páìpù tó ti dógùn-ún. Wọ́n jẹ́ kí pátákó rẹ̀ bá a lọ. Òun ni wọ́n fi dí ibi tí òrùlé ti ń jò.

Ẹnikẹ́ni kò béèrè fóònù lọ́wọ́ Bàbá Ẹ̀rọ mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, èsì ń wọlé sí i láti gbogbo ìlú. "A ti gbọ́ o, Ìyá." "A ti tì í kẹ̀, ẹ ṣé." "Ó ti pẹ́ tí a gbọ́ yín jàre." Ó ka gbogbo rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di aago méjì tí omi mọ́, ó rántí pé ìyàwó òun ti ṣèlérí pé òun máa pè wọ́n. Ó wá a títí ó fi rí i, èyí tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn: "Omi ti mọ́ o. Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi." Ó fi ránṣẹ́.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Bàbá Ẹ̀rọ ti ilé ìkópáìpù bó ṣe ń tì í lójoojúmọ́. Kò mọ̀ pé Ọ̀gá Pátápátá ti sùn lọ lẹ́yìn àwọn páìpù. Láìpẹ́, ọ̀rọ̀ wọ gúrúùpù láti orí nọ́ńbà tuntun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì tọ́jú orúkọ rẹ̀:

"A fi àsìkò yìí sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé Alákòóso wà nínú ilé ìkópáìpù tí a ti tì pa. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ."

"Oníjìbìtì," ni Àǹtí Akọ̀wé kọ. "Ẹ má tẹ nǹkan kan o."

"Wọ́n máa ní ká fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ báyìí kẹ̀," ni ẹnì kan wí.

"Ẹ pa á rẹ́ jàre."

Wọ́n pa á rẹ́. Ó tún un kọ, ó gùn sí i. Ó mẹ́nu kan ìlọsíwájú ayé. Wọ́n tún pa ìyẹn náà rẹ́. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ kẹta dé, ó sì kúrú:

"Ẹ wá ṣílẹ̀kùn fún mi o. Ebi ń pa mí kẹ̀. Ẹ jàre."

Bàbá Ẹ̀rọ kà á. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ èèyàn tó máa ń dá ọ̀gá rẹ̀ lóhùn, nítorí náà ó kọ́kọ́ dúró, ó sì fèsì:

"A ti gbọ́ o."